Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Ní Bọ́gìlárì

Kò sí ẹni tó ń gba ojú títì Ìdímù kọjá lọ́dún 1995 tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù Jàfárù wẹ́dà. Géètì ni wọ́n fi ń dá ibẹ̀ mọ̀: géètì oníkìnnìún, géètì olódòdó, géètì tí wọ́n kọ "Ọlọ́run Tóbi" sí lára, gbogbo wọn to rẹrẹ sétí títì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Jàfárù fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má rò pé ìkanra ló ń ṣe é o. Lójú tirẹ̀, irin kì í ṣe ohun àwàdà.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Yésúfù ní Ṣáṣá ló ti kọ́ṣẹ́, ọdún méje gbáko. Ọ̀gá yìí kì í yin èèyàn. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe dáadáa, yóò wo iṣẹ́ náà, yóò wo ojú ọmọ náà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bí kò bá wá dáa, àwọn tó wà ní Akówonjò á gbọ́ ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Jàfárù gba fíríídọ̀mù, àdúrà ni ọ̀gá ṣe fún un. Kò sọ pé ó mọ iṣẹ́, kò sì sọ pé kò mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tó ń ba Jàfárù lẹ́rù, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Géètì tí ọmọ iṣẹ́ kan tó ṣáájú rẹ̀ ṣe wó lulẹ̀ láàárín oṣù kan péré, ni Ọ̀gá Yésúfù bá dìde níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà, ó ní, "Èmi ò mọ̀ ọ́n rí o. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi." Ó tán. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbé irin lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́. Jàfárù wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi fáìlì fá irin ju bó ṣe yẹ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí Yẹ́misí fi dé. Tíṣà ni Yẹ́misí, sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, àkọ́bí Jàfárù sì wà nínú kíláàsì rẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n káséètì kún inú yàrá rẹ̀ títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irú fíìmù kan ṣoṣo ló fẹ́ràn: èyí tí àwọn ará ayé mìíràn bá ti gbé ọkọ̀ wá láti ojú ọ̀run, tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni gbogbo ẹ̀, tí ẹni tó ṣe é kò sì rí owó gidi ná sí i.

Ó dúró láàárín àwọn géètì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá Jàfárù, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ òfuurufú ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe."

Jàfárù nu òógùn ojú rẹ̀. "Tíṣà, irú èwo? Ti àwọn ọmọdé ni?"

"Ti fíìmù ni. Èmi ni mo kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ará òfuurufú fẹ́ wá tún ayé ṣe, Ìgàndó ni wọ́n balẹ̀ sí."

"Kí ni wọ́n ń wá ní Ìgàndó?"

"Ohun tí wọ́n máa bi ara wọn láìpẹ́ nìyẹn," ni Yẹ́misí wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Jàfárù kò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Kó lè yé e, Yẹ́misí ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀, Àdíját, wá wo ọ̀kan nínú àwọn káséètì náà lọ́jọ́ Sátidé. Fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan ni. Abọ́ oúnjẹ méjì tí wọ́n dojú wọn kọra ni wọ́n pè ní ọkọ̀ òfuurufú, okùn ni wọ́n sì fi so ó rọ̀, tó ń mì jòjòlò. Àdíját rẹ́rìn-ín títí tí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni tó wá gba iṣẹ́.

"Mo rí okùn," ló wí nígbà tó parí.

"Gbogbo wa la rí i, Bọ̀dá."

"Ṣé ẹni tó ṣe é ò ríran ni? Kí ló dé tí ò fi í pamọ́?"

"Kò sí owó tó máa fi fi í pamọ́ ni. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ nìyẹn." Yẹ́misí fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn. "Ẹ gbọ́. Tí gbogbo nǹkan bá ń dán gbinrin, ẹnu ni mo kàn máa là sílẹ̀ tí màá máa wò. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí okùn, mo mọ̀ pé èèyàn bíi tèmi ló jókòó, tó so ó. Ó ń parọ́ fún mi, mo mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ló ti máa bá mi sọ òótọ́ nípa àwọn tó ń fìyà jẹ wá, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní lè mú un."

Àdíját ní òdodo ọ̀rọ̀ ni. Jàfárù dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Màá bá yín ṣe é," ló wí. "Ṣùgbọ́n okùn kankan ò ní sí nínú tèmi o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Táńkì omi ńlá kan tó ti jò ló rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù, ó sì dojú àwo sátẹ́láìtì kan tó ti bàjẹ́ dé e lórí. Ó gé ojú wíńdò mẹ́rin yí i ká. Ó ṣe ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé tó bá ṣí, iwájú ló máa wá balẹ̀ sí pẹ̀lẹ́, kí àwọn ará òfuurufú lè gbà á sọ̀ kalẹ̀ láìfẹsẹ̀ kọ. Gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin ló fá tó sì fi ṣánpépà nù, kó tó wá kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà fàdákà. Ká sòótọ́, ọkọ̀ náà rẹwà. Àwọn tó ń lọ sí Ìkòtún ń ní kí awakọ̀ rọra kí àwọn lè wò ó dáadáa.

Nígbà tí Yẹ́misí wá wò ó, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ó wá dúró níwájú wíńdò.

"Bọ̀dá, bọ́gìlárì nìyí?"

"Bọ́gìlárì ni. Ọ̀pá onígun mẹ́rin ni mo fi ṣe é, kò sí ayùn tó lè gé e."

"Lára ọkọ̀ òfuurufú?"

Ó ya Jàfárù lẹ́nu. "Tíṣà, èèyàn á wá gbé ọkọ̀ balẹ̀ sí Ìgàndó láìní bọ́gìlárì? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n jà wọ́n lólè lóru ọjọ́ àkọ́kọ́ ni?"

Yẹ́misí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré lọ sẹ́yìn géètì oníkìnnìún. Jàfárù rò pé ó fẹ́ sín ni. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń wá ọ̀nà tó máa gbé ọ̀rọ̀ kan gbà. Ó ní ọkọ̀ náà dára, àní ó dára jù, pé òun ti rò pé òun máa rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ó ní ṣé Bọ̀dá ò lè bá òun bà á jẹ́ díẹ̀ ṣá?

"Kí n ba kí ni jẹ́?" ni Jàfárù wí. Ojú tó fi wò ó jẹ́ kí tíṣà gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sí Ìgàndó, sí pápá kan tí koríko ti gbà. Yẹ́misí ti bi àwọn ará àdúgbò, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ rí. Kò béèrè ẹni tó ni ín, àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló máa ṣe ará òfuurufú, bébà dídán tí wọ́n fi ń wé adìyẹ sísun ni wọ́n sì wé mọ́ra láti orí dé ẹsẹ̀. Báyọ̀dé ló ni kámẹ́rà, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ló sì lè fún wọn lóṣù yẹn. Ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ló sábà máa ń yà. Àwọn ìyá ọ̀ṣìn, bó ṣe ń pe àwọn ìyá ìyàwó, ti bú u títí lórí ohun tí kò yà, ó sì ti wá mọ́ ọn lára pé tó bá ti tan kámẹ́rà rẹ̀ láàárọ̀, àfi tí bátìrì bá kú ló máa pa á.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Jàfárù lọ kírun Àìlá ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ títì. Àwọn yòókù lọ wá ẹ̀wà àti búrẹ́dì jẹ. Báyọ̀dé nìkan ló kù lábẹ́ igi, òun àti kámẹ́rà rẹ̀.

Nígbà tí Jàfárù ń padà bọ̀, ó ti rí nǹkan pupa lókèèrè, ọkàn rẹ̀ ò sì gbà á. Ó kọ́kọ́ rìn, lẹ́yìn náà ló sáré. Wọ́n ti fa ìlà pupa méjì gbàgàdà kọjá lára ọkọ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀ pé: Ẹ DÁWỌ́ IṢẸ́ DÚRÓ! ILẸ̀ ẸBÍ WA NI! Ọ̀dà náà ṣì ń ṣàn. Àwọn géńdé mẹ́rin dúró tì í pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, bàbá arúgbó kan sì jókòó sórí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀ bí onílé. Bàbá Akínbọ́lá ni, olórí àwọn ọmọ onílẹ̀ apá ibẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ ilé yìí?" ni bàbá náà bi í.

"Ilé kọ́ ni, Bàbá! Ọkọ̀ ni!"

"Ọkọ̀ tó ní bọ́gìlárì? Táyà rẹ̀ dà?"

"Kò ní táyà. Láti òkè ló ti ń bọ̀."

"Láti òkè?" Bàbá Akínbọ́lá gbójú sókè wo sánmà, ó tún wo Jàfárù. "Ta ló sọ fún? Bàbá ńlá mi ló ni ilẹ̀ yìí àti gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè gba orí ilẹ̀ wa kọjá láìfojú kàn wá."

Jàfárù ò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ojú ọ̀dà ló ń wò. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án, pupa ọ̀hún sì bá a lọ́wọ́. Ó dun ọkùnrin náà dọ́kàn, ó sì yíjú sí bàbá.

"Bàbá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi jó o. Ẹ wo híńjì yìí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yìí, ẹ tún tì í, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi fáìlì fá ibí yìí, ìyàwó mi ò rí mi bá sọ̀rọ̀! Ẹ wá da ọ̀dà pupa lé e lórí. Kí ni irin ṣe fún yín? Ẹ sọ fún mi, kí ni irin ṣe fún yín?"

Bàbá Akínbọ́lá dìde. Ó ti ilẹ̀kùn náà, ó ṣí i, ó tún tì í. Ó mi orí. "Ó dáa lóòótọ́," ló wí. "Ilé tó dáa gan-an ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àgbò méjì lẹ máa mú wá."

Báyìí ni Yẹ́misí ṣe sáré dé, búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó ṣàlàyé fún un pé fíìmù ni wọ́n ń ṣe, wọn ò kọ́lé, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n á ti kó nǹkan wọn lọ. Bàbá náà wo pápá yíká. Lẹ́yìn náà ló rí iná pupa kékeré tó ń tàn lára kámẹ́rà Báyọ̀dé lábẹ́ igi.

"Ṣé ìyẹn ti ń yà mí láti ẹ̀ẹ̀kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Báyọ̀dé wí.

"Pẹ̀lú fìlà yìí?"

Kò tún sọ̀rọ̀ àgbò mọ́. Ilé ló lọ, ó wọ agbádá aláràn-án, ó padà wá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Ṣùgbọ́n tó bá ti yẹ kó bínú, eyín ló ń fi hàn kámẹ́rà, Yẹ́misí sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tàkọ́kọ́ lòun máa lò.

Jàfárù ní tirẹ̀ ti wá kẹrosíìnì àti àkísà. Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ nígbà tí Yẹ́misí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Tíṣà. Wọ́n á fi iṣẹ́ mi ṣẹ̀sín."

"Wọn ò ní fi í ṣẹ̀sín. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni l'Álímọ̀ṣọ́ tí wọn ò kọ ọ́ sí ara ilé rẹ̀ rí!"

"Ẹ ò mọ Ọ̀gá mi." Jàfárù sọ ọ́ fún un nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀, nípa ìpàdé ẹgbẹ́ àti ọkùnrin tí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ rí. "Tó bá rí iṣẹ́ mi báyìí, tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí i, á ní òun ò mọ̀ mí. Èmi á sì ti tán nídìí iṣẹ́ yìí."

Yẹ́misí tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ Bọ̀dá ni, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe. Omi ti lé ròrò sí i lójú, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ti ń rẹlẹ̀, Báyọ̀dé sì ń wo bátìrì rẹ̀. Jàfárù wò ó lójú, ó ju àkísà sínú koríko, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì wo ẹ̀yìn mọ́ títí wọ́n fi yà á tán.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fíìmù náà jáde nílé fídíò kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Jàfárù ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ṣáṣá. Ṣùgbọ́n Yẹ́misí, tó rò pé oore lòun ń ṣe, ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ káàkiri pé JÀFÁRÙ WẸ́DÀ TI ÌDÍMÙ LÓ ṢE ỌKỌ̀. Nígbà tí Jàfárù wọlé, Ọ̀gá Yésúfù ti wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, ó ká apá lé àyà. Jàfárù lọ dúró sẹ́yìn pátápátá, létí ilẹ̀kùn, níbi téèyàn ti lè tètè jáde.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará òfuurufú jáde nínú bébà adìyẹ wọn, ilé sì dàrú fún ẹ̀rín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi bọ́gìlárì hàn, obìnrin kan kígbe pé, "Wọ́n gbọ́n, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń bọ̀!" Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dà pupa yọ, àwọn èèyàn ń lu bẹ́ǹṣì. Ni ojú Jàfárù fúnra rẹ̀ bá yọ lórí ẹ̀rọ, gàgàrà, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ Bàbá Akínbọ́lá pé kí ni irin ṣe fún un. Ó ti gbàgbé kámẹ́rà lọ́jọ́ náà! Gbọ̀ngàn ń mì. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n èrò ti dí i pa.

Nínú fíìmù, àwọn ará òfuurufú tó ti kọjá oṣù àti ìràwọ̀, tí wọ́n lè fi ìka kan fọ́ òkè, ti wá ń rìn káàkiri Ṣáṣá báyìí, wọ́n ń wá àgbò méjì. Wọ́n ń ná an. Èyí tí wọ́n rà já mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé e. Jàfárù rí i tí èjìká Ọ̀gá Yésúfù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó rò pé inú ló ń bí i. Kò rántí pé ọ̀gá ní ilẹ̀ kan ní Ìgàndó, pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, pé koríko ti ga ju fáǹdéṣọ̀n lọ. Fìlà ọ̀gá jábọ́. Ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí Jàfárù ò gbọ́ rí fọ́dún méje, ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó ń fà á tẹ̀ síwájú tó sì ń fà á tẹ̀ sẹ́yìn.

"Àwọn náà ò bọ́!" ni ọ̀gá ń pariwo. "Láti ojú ọ̀run! Àwọn náà ò bọ́!"

Lẹ́yìn náà ló dìde. "Ẹ dá a dúró ná," ló wí, ẹni tó ń bójú tó fídíò sì dá a dúró. Ọ̀gá yíjú padà, ó ń wá ẹnìkan láàárín èrò, ó sì rí i létí ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin èèyàn," ni Ọ̀gá Yésúfù wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, "láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí ni mo ti ń wá ibi tó ti ṣe àṣìṣe. Mi ò rí i. Ẹ wá gbọ́ o. Àwọn tó jẹ́ pé ilé ni wọ́n ń fojú wò jẹun, táńkì tó jò ni wọ́n rí, wọ́n sì gbà pé ilé gidi ni, wọ́n da ọ̀dà sí i! Ta ló tún lè ṣe irú rẹ̀?" Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn. "Ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn. Èmi Yésúfù ni mo kọ́ ọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ẹni tó dúró ti Jàfárù gbá a lẹ́yìn, ẹlòmíràn ń bi í lóókọ. Wọ́n ti dá fídíò náà dúró sí ibi tí wọ́n tún ti fi òun àti Bàbá Akínbọ́lá hàn, ojú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lanu gbàgà, tó fẹ́ sunkún nítorí ọkọ̀ tí kò lè fò. Jàfárù wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ já lẹ́nu rẹ̀, kó tó rí ẹsẹ̀ gbé lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀.